Mo fẹ́ pààrọ̀ Canon 1100D mi, owó ọwọ́ mi kò sì pọ̀: bọ́dì (kámẹ́rà láìsí lẹ́ǹsì) wo ni kí n rà?

Ayàwòrán Òkè Fíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ fọ́tò. Òṣogbo níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Canon EOS 1100D tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2011 sì ni mo fi ń jẹun títí di òní. Lẹ́ǹsì méjì ni mo ní: 18-55 tí ó bá kámẹ́rà náà wá, àti 50mm f/1.8 STM. Ìkómọjáde, ìgbéyàwó àti ìṣílé ni iṣẹ́ tó ń wọlé fún mi jù, bí ó bá sì jẹ́ ìta gbangba ní ọ̀sán, n kì í ní ìṣòro kankan.

Inú ilé àti òru ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà. Bí mo bá gbé ISO, ìyẹn agbára tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, dé 3200, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wínníwínní bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i, pàápàá lára aṣọ dúdú. Fókọ́ọ̀sì rẹ̀ pẹ̀lú kò yá. Ojú fókọ́ọ̀sì (ibi tí kámẹ́rà ti lè mú ohun tí à ń yà mọ́) mẹ́sàn-án péré ló ní, ti àárín nìkan ni mo sì lè gbára lé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ọdún Ọ̀ṣun tí ń bọ̀ ní oṣù Kẹjọ ló wà lọ́kàn mi jù lọ. Mo fẹ́ ya Iná Olójúmẹ́rìndínlógún tí wọ́n máa ń tàn lóru ní ààfin Àtáọ́jà, mo sì fẹ́ tẹ̀lé Arugbá wọ inú igbó Ọ̀ṣun, níbi tí àwọn igi ńláńlá kì í ti í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dé ilẹ̀ dáadáa, tí èrò sì máa ń sáré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ààyè láti ya ohun kan lẹ́ẹ̀mejì.

Àjọ tí mo ń dá yóò kàn mí ní oṣù tó ń bọ̀. Owó náà ni mo ní, n kò sì fẹ́ yá owó lé e. Kò tó kámẹ́rà tuntun, tòkunbọ̀ ni mo ń wò. Àwọn kan ní kí n ra 5D Mark II, àwọn mìíràn ní 70D, ẹnì kan ní 6D, ẹlòmíràn sì ní kí n kúkú kúrò nídìí Canon kí n lọ ra Nikon. Èwo nínú wọn ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ òkùnkùn yìí, kí sì ni ó yẹ kí n yẹ̀ wò lára bọ́dì àlòkù kí n tó sanwó?

Ẹ̀gbọ́n Aláwòrán

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí àjọ náà bọ́ sí rere. N kò ní kí o má pààrọ̀ kámẹ́rà o, ṣùgbọ́n kí owó náà tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, jẹ́ kí a mọ ohun tó ń dà ọ́ láàmú gan-an. Ẹni tó bá ní kí o lọ wá megapixel púpọ̀ kò ràn ọ́ lọ́wọ́. Àwòrán 12.2 megapixel tí 1100D ń yà jẹ́ píksẹ́lì 4272 ní gígùn àti 2848 ní ìbú. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní píksẹ́lì 300 sí íǹṣì kan, ó tó íǹṣì 14 ní gígùn, ó sì lé ní 9 ní ìbú. Álíbọ́ọ̀mù 12 sí 8 kò ju agbára rẹ̀ lọ.

Lẹ́ǹsì 18-55 yẹn ni mo ń fura sí. Bí o bá nà án dé 55, kò lè ṣí ju f/5.6 lọ (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń ṣí tó), nígbà tí 50mm rẹ tó ṣí dé f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí. Ohun tí o ń fi 18-55 yà ní ISO 3200 nínú ṣọ́ọ̀ṣì, 50mm lè yà á ní ISO 400. Lẹ́yìn náà, wá fíláàṣì. Irú Yongnuo YN560 tí a ń fi ọwọ́ ṣètò agbára rẹ̀ kò ní gbé owó àjọ rẹ lọ. Àjà funfun ni kí o kọ ojú rẹ̀ sí, má ṣe kọ ọ́ sí ojú ènìyàn, kí ìmọ́lẹ̀ lè ti òkè rọra bọ̀ sára wọn. Abẹ́ kánópí aláwọ̀ nìkan ni kí o ti ṣọ́ra, nítorí pé àwọ̀ kánópí náà ni yóò hàn lójú gbogbo àlejò. Máa ya RAW pẹ̀lú, ìyẹn fáìlì àwòrán tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe, kí o sì fi Digital Photo Professional tí Canon ń fún àwọn tó ní kámẹ́rà rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tún un ṣe. Wínníwínní tí o ń sọ yẹn á dín kù. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó gbé bọ́dì ńlá kọ́rùn láìní fíláàṣì, ó sì máa ń dùn mí.

Ìyá Fọ́tò Ìkìrun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, òdodo ọ̀rọ̀ ni ẹ sọ, pàápàá fún ìkómọjáde. Ṣùgbọ́n iná tí arákùnrin yìí fẹ́ yà kì í ṣe ohun tí à ń fi fíláàṣì yà. Ahọ́n iná gidi ló ń jó ní Olójúmẹ́rìndínlógún, ìmọ́lẹ̀ pípọ́n tó ń bọ́ sójú àwọn tó yí i ká sì ni gbogbo ẹwà àwòrán náà. Bí fíláàṣì bá bù ú lẹ́ẹ̀kan, ẹwà yẹn ti lọ. Bí a bá sì ti ṣí 50mm dé òpin, bọ́dì nìkan ló kù tí a lè yí padà.

Ní tèmi, 6D ni kí ẹ wá. Ọdún 2012 ni Canon kéde rẹ̀, 20.2 megapixel sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo fi ń yìn ín. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ojú inú kámẹ́rà tó ń gba ìmọ́lẹ̀, jẹ́ mìlímítà 36 sí 24, ó sì lé ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti 1100D ní fífẹ̀, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń kó jọ fún fọ́tò kan pọ̀ jù ú lọ gan-an. ISO 6400 tó jẹ́ òpin agbára 1100D, wẹ́rẹ́ ni 6D ń ṣe é, ó sì lè dé 25600. Ojú fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kò pọ̀, 11 péré ni, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò sì lágbára tó. Ti àárín ni kí ẹ gbọ́kàn lé, nítorí pé ó ń ríran dé −3 EV, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó kéré gan-an, èyí tí Canon fúnra rẹ̀ fi wé ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Fún iná ààfin, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti f/2 àti 1/125 ìṣẹ́jú àáyá ní ISO 6400, kí ẹ sì ti ibẹ̀ máa tún un ṣe.

Ní ti 5D Mark II, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n ọdún 2008 ló jáde, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ríran nínú òkùnkùn tó ti 6D, káàdì CF ló sì ń lò, kì í ṣe SD tó wà lọ́wọ́ yín. 70D dára fún ẹni tó ń ya fídíò, torí pé fókọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í já nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju ti 1100D lọ. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ Nikon sí rárá. Lẹ́ǹsì yín kan kò ní wọ̀ ọ́.

Ayàwòrán Òkè Fíà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin Ìyá, mo gbọ́ pé 18-55 mi kò ní wọ 6D. Ṣé òótọ́ ni? Àwọn pálọ̀ tí a ti ń ṣe ìkómọjáde ládùúgbò wa há, ẹ̀rù sì ń bà mí pé 50mm nìkan kò ní tó.

Ìyá Fọ́tò Ìkìrun

Òótọ́ ni. EF-S, irú lẹ́ǹsì tí Canon ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré, ni 18-55, 6D kì í sì í gba EF-S. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lórí 1100D, 50mm ń rí bí 80mm, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi máa ń fẹ̀yìn ti ògiri kí ẹ tó rí bàbá, ìyá àti ọmọ pọ̀. Lórí 6D, 50mm á jẹ́ 50mm gan-an, ìyàtọ̀ náà á hàn sí yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí kò bá tíì tó, EF 40mm f/2.8 STM ni kí ẹ máa fojú sọ́nà fún ní àjọ mìíràn. Ẹ má ta 1100D o. Ẹ jẹ́ kí 18-55 máa gbé orí rẹ̀ pẹ̀lú fíláàṣì tí Ẹ̀gbọ́n sọ, torí pé SD kan náà ni kámẹ́rà méjèèjì ń lò. Bátìrì nìkan ni wọn kò jọ lò: LP-E10 ni ti 1100D, LP-E6 ni ti 6D, nítorí náà ẹ yọ owó bátìrì kejì sọ́tọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàádúrà.

Atúnkámẹ́ràṣe Ọláìyá

Ọ̀dọ̀ mi ni púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ yìí máa ń gbẹ̀yìn sí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kejì. Ẹ má ṣe ra bọ́dì lórí àwòrán inú fóònù. Bí ó bá jẹ́ Èkó ni ẹni tó ń tà á wà, ẹ wọkọ̀ lọ, tàbí kí ẹ rán ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ mú 50mm yín, káàdì àti fíláàṣì dání.

Iye fọ́tò tí ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí tó sì ń pa dé bí a bá ya fọ́tò, ti yà ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Fọ́tò 100,000 ni Canon ṣírò ṣọ́tà 6D sí. Kò túmọ̀ sí pé yóò kú bí ó bá pé e, ṣùgbọ́n bí owó bọ́dì méjì bá jọra, èyí tó ti ya 30,000 sàn ju èyí tó ti ya 140,000 lọ. Iye yìí kì í hàn nínú mẹ́núù 6D, kì í sì í wà nínú fáìlì fọ́tò bíi ti Nikon. Wáyà USB àti ètò orí kọ̀ǹpútà ni a fi ń kà á, nítorí náà ẹ má gba iye tí ènìyàn kàn fẹnu sọ.

Ẹ fi ìdérí de ojú lẹ́ǹsì, kí ẹ sì ya fọ́tò ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ISO 3200. Bí tótòtó funfun díẹ̀ bá hàn, kò burú. Bí ó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ya ojú ọ̀run ní f/16: àmì eruku á jáde bí ó bá wà, pàápàá lásìkò ọyẹ́, a sì lè nù ún, kí ẹ fi bu owó rẹ̀ kù ni, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé sẹ́ńsọ̀ ló ha, kò ní àtúnṣe tó bá owó yín mu. Ẹ wọ igun tó ṣókùnkùn nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ ṣí 50mm dé f/1.8, kí ẹ sì ya lẹ́tà ara páálí lẹ́ẹ̀mélòó kan, kí ẹ wo bóyá ibi tí ẹ fojú sí gan-an ló mọ́. Ẹ gbé fíláàṣì lé e lórí, ẹ rí i pé ó ń bù. Ẹ ṣí ibi bátìrì, ẹ wo bóyá ìpẹtà wà níbẹ̀, kí ẹ sì wo orí ìdè ìsàlẹ̀ bọ́dì. Bí wọ́n bá ti ha, ẹnì kan ti tú u rí, ẹ béèrè ìdí.

Nọ́ńbà ara bọ́dì ni kí wọ́n kọ sínú rìsíìtì, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà bí àìsàn tí kò hàn bá yọjú. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti kọ ọ́, ẹ má sanwó.