Bátìrì wo ni kí n fi sínú ọkọ̀ fún fíríìjì tí a ń gbé lọ pàgọ́?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó síbi tí kò yẹ.

Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ràn ká máa wa ọkọ̀ lọ pàgọ́ sínú igbó. A máa ń lo tó ọjọ́ mẹ́ta lójú kan, ọkọ̀ ò sì ní kúrò níbi tá a gbé e sí. Ìyàwó mi ní àtọ̀gbẹ, insulin rẹ̀ tí a kò tíì ṣí sì gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù láàárín 2°C sí 8°C. Torí ẹ̀ la ṣe ra fíríìjì kékeré oní-lítà 45, èyí tó ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, tó ń lo iná 12 volt.

Nígbà àkọ́kọ́ tá a gbé e jáde, ojú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá nínú ọkọ̀ ni mo ti wáyà rẹ̀ bọ̀. Lóru ọjọ́ kejì, fíríìjì kú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ kọ̀, kò sítáàtì, tà-tà-tà lásán ni mo ń gbọ́. Ẹnì kan tó ń kọjá lọ ló bá wa fa iná láti inú ọkọ̀ tirẹ̀. Àtìgbà yẹn lọkàn mi ò ti balẹ̀. Oúnjẹ tó bá bàjẹ́, a lè dà á nù, àmọ́ oògùn ìyàwó mi ńkọ́?

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ń wò: kí n ra bátìrì ọkọ̀ tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, kí n gbé bátìrì AGM 100Ah kejì (bátìrì òjé tí a kì í bu omi sí; Ah ni iye iná tó ń gbà pamọ́, amp kan fún wákàtí kan) sí búùtù, tàbí kí n ra lithium. Bí ó bá wúlò fún yín láti mọ̀, ọkọ̀ mi jẹ́ irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń pa ara rẹ̀ tí a bá dúró níbi iná ojú pópó.

Ìdáhùn (iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe)

Ẹ kú ewu, arákùnrin, ẹ bá wa kí ìyàwó. Ọ̀nà àkọ́kọ́ yẹn, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Bátìrì tó ń sítáàtì ọkọ̀, wọ́n ṣe é kó lè tú agbára ńlá jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Pléètì òjé inú rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí tó fi gbẹ, ìgbà díẹ̀ ni ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ tó máa bàjẹ́, bó ti wù kó tóbi tó. Bátìrì tí wọ́n ń pè ní deep cycle ni pléètì rẹ̀ nípọn tó lè fara da irú ìyà yẹn.

Àmọ́ ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye iná tí fíríìjì yín ń jẹ. Ká ní ó ń jẹ 45 watt nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi 12 pín 45, ó jẹ́ 3.75 amp. Kì í ṣiṣẹ́ láìsinmi. Tó bá ń ṣiṣẹ́ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá wákàtí 24, 36Ah ló máa jẹ lọ́jọ́ kan. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 108Ah. Bí ooru bá mú, tí ẹ sì ń ṣí i léraléra, ó máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì òjé, títí kan AGM, kò sì yẹ kí ẹ lò kọjá ìdajì tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. AGM 100Ah kan ṣoṣo, 50Ah ni ẹ rí lò níbẹ̀, kò sì ní tó ọjọ́ kan àbọ̀.

Ẹ wá mítà tó ń ka amp àti Ah, ẹ fi sáàárín bátìrì àti fíríìjì, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 gbáko. Ohun tí mítà bá sọ ni ká gbà gbọ́.

Ẹ tún wo ara fíríìjì náà. Ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n kọ L, M, H sí?

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, L ló sì wà. Mi ò fọwọ́ kàn án rí.

Ìdáhùn (rìwáyà)

Ohun tó ṣe yín nìyẹn. Bí bátìrì ṣe máa gbẹ tó kí fíríìjì tó pa ara rẹ̀ ni ibẹ̀ ń sọ. Tó bá wà lórí L, ó máa fa bátìrì débi tí ọkọ̀ ò ní lè sítáàtì mọ́. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń lo bátìrì ọkọ̀ fúnra rẹ̀, orí H ni kó wà, kó lè tètè kú kí ọkọ̀ má bàa kú. Tí ẹ bá ti ní bátìrì kejì, ẹ lè dá a sórí M.

Ìdáhùn ẹlòmíràn

Tèmi ni pé kí ẹ ra lithium, irú tí wọ́n ń pè ní LiFePO4. Nínú 100Ah, ẹ lè lo 80Ah tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìpa á lára, kò sì wúwo tó ìdajì AGM. Ọjọ́ orí mi ti kúrò ní ẹni tó ń gbé nǹkan bí ọgbọ̀n kílò sọ̀ kalẹ̀ láti búùtù, ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Ohun tí lithium kórìíra ni kí a máa ṣáájì rẹ̀ nígbà tí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 0°C. Ẹ má sì gbé e sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ẹ́ńjìnnì kò dáa fún un.

Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn nípa ẹ́ńjìnnì tó ń pa ara rẹ̀ yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń darí alternator rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ṣáájì bátìrì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí bátìrì ọkọ̀ bá ti kún, ó máa ń dín iná kù kó lè dín epo kù. Rilé, ìyẹn súwíìṣì tó máa ń so bátìrì méjì pọ̀, máa já ara rẹ̀ tí iná bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 12.8 volt. Ẹ lè wakọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kí bátìrì ẹ̀yìn má kún. Ṣájà DC-DC ni kí ẹ fi sáàárín wọn. Iná yòówù kó wọ inú rẹ̀, ó máa gbé e dé iye tí bátìrì kejì fẹ́, kò sì ní jẹ́ kí lithium fa alternator kọjá agbára rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 25 amp máa dá 50Ah padà láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì sí méjì àbọ̀ tí ẹ bá fi wakọ̀.

Ìdáhùn ẹlòmíràn

Mi ò lòdì sí lithium, ṣùgbọ́n AGM kan pẹ̀lú sólà 100 watt ti tó mi láti ọdún mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí oòrùn ràn dáadáa, ó máa ń fún mi ní nǹkan bí 30Ah. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọkọ̀ o! Ẹ so wáyà gígùn mọ́ ọn, kí ọkọ̀ wà lábẹ́ igi, kí sólà wà nínú oòrùn. Ọkọ̀ tó bá ń yan nínú oòrùn, fíríìjì inú rẹ̀ kò ní sinmi. Àmọ́ tí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ méjì, kò sí ohun tí sólà lè ṣe, mi ò sì ní parọ́ fún ẹni tó gbé oògùn dání.

Ìdáhùn (rìwáyà)

Gbogbo wọn ló sọ òtítọ́. Ní tèmi, wáyà ni kí ẹ má ṣahun sí. Wáyà tó lọ sí ojú ihò sìgá tín-ín-rín. Láti bátìrì iwájú dé búùtù, ká ní mítà márùn-ún ni, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mẹ́wàá. Tí wáyà bá jẹ́ 1.5 mm², bí fíríìjì bá ń fa 4 amp, ó máa sọ nǹkan bí ìdajì volt nù sọ́nà. Fíríìjì á rò pé bátìrì ti gbẹ, á sì pa ara rẹ̀, nígbà tí iná ṣì wà. Fún ṣájà 25 amp yẹn, 16 mm² ni mo máa ń fà. Fíùsì kan lẹ́bàá orí pósítífù bátìrì iwájú, òmíràn lẹ́bàá ti ẹ̀yìn, torí pé iná ń bọ̀ láti ìhà méjèèjì. Tí wáyà bá họ lára irin ọkọ̀ láìsí fíùsì, iná á sọ ni. Ẹ so bátìrì náà mọ́lẹ̀ gírígírí. Bátìrì tí wọ́n ń bu omi sí, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ níbi tí èèyàn ń sùn, gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná.

Ìdáhùn (nọ́ọ̀sì ni mí)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, insulin tó bá ti di yìnyín rí, ẹ dà á nù, kódà tó bá ti yọ́. Ara ògiri fíríìjì lè tutù ju iye tí ojú rẹ̀ ń kọ lọ, ẹ fi tẹmómítà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn náà gan-an. Èyí tí ìyàwó yín ti ń lò lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló lè wà níta fún bí ọjọ́ 28 tí ooru kò bá kọjá 30°C. Ẹ ka ìwé inú páálí tirẹ̀, torí wọn ò rí bákan náà. Kí ọkàn yín balẹ̀ díẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ará, mo ti dé o. Mítà ka 31Ah fún wákàtí 24, fíríìjì wà lórí 4°C, a sì kọ́kọ́ fi iná ilé mú un tutù kí n tó gbé e sọ́kọ̀. Mo ra lithium 100Ah àti ṣájà DC-DC, rìwáyà àdúgbò sì fa wáyà 16 mm² pẹ̀lú fíùsì méjèèjì. Ọjọ́ mẹ́ta máa gbà 93Ah, mo rí i pé kò ní ku nǹkan kan sílẹ̀, torí náà mo ti ń fi owó sólà pamọ́. Kó tó dé, a ó máa wakọ̀ káàkiri díẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Mo fi í sílẹ̀ fún òru méjì láìṣáná sọ́kọ̀. Láàárọ̀ yìí, tẹmómítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn ka 5°C, bátìrì iwájú wà ní 12.6 volt, ọkọ̀ sì sítáàtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyàwó mi ní kí n bá òun kí gbogbo yín, pàápàá nọ́ọ̀sì. Ó ti ń di ẹrù àgọ́.