Ẹ̀yin tí òyìnbó tọ́ rí, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tọ́mọ ọlọ́mọ ní UK, ẹ bọ́ síbí ẹ sọ tiyín

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀. Mi ò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi gbé mi fún ìyá òyìnbó kan ní Hastings, 1964 ni. Bàbá mi ń ka lọ́ọ̀, màmá mi ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ni wọ́n ń gbé ní London, onílé ò sì fẹ́ gbọ́ igbe ọmọ. Bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ṣe ń ṣe níbẹ̀ nígbà yẹn nìyẹn, wọ́n á fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tó máa bá wọn tọ́mọ, òyìnbó á kọ lẹ́tà, wọ́n á dúnàá dúrà iye tí wọ́n á máa san lọ́sẹ̀, ó parí. "Farming" ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa ló gbabẹ̀ kọjá.

Nan, bí mo ṣe ń pe ìyá òyìnbó yẹn, ò fìyà jẹ mí o, kí n má parọ́ mọ́ òkú. Àmọ́ kò mọ̀ pé wọ́n ń fi òróró pa ara ọmọ dúdú, ara mi á funfun bí ẹni yí nínú eérú, kóòmù wẹ́wẹ́ tó fi ń yarun tiẹ̀ náà ló ń fà mọ́ mi lórí, tó bá ti mú un báyìí abẹ́ tábìlì ni mò ń wọ̀. Tí màmá mi bá gbé mọ́ínmọ́ín wá, ẹ̀yìn Nan ni mò ń sá sí. 1971 la wọ ọkọ̀ ojú omi Aureol ní Liverpool, mi ò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi pé mi ò ní rí Nan mọ́. Mo dé Mọ́lété n'Íbàdàn, mò ń bi wọ́n ìgbà tá a máa padà sílé!

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ni mo gba ọmọ ní tèmi. Ọ̀rẹ́ mi lọ tọ́jú bàbá ẹ̀ tó ní rọpárọsẹ̀ l'Ékòó, ó fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sílẹ̀ fún mi ní Thamesmead kó má bàa pa ilé ìwé tì. Mo pe káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò wa, fúnra mi. Tọ́mọ tí ò tíì pé 16 bá máa lo ọjọ́ 28 sókè lọ́dọ̀ ẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́, ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ló yẹ, tó bá jẹ́ pàjáwìrì kó má kọjá wákàtí 48 lẹ́yìn tọ́mọ dé. Ìyá àgbà, bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n àtàbúrò òbí, òfin yọ wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ ọmọ kọ́sìn, ọmọ ọ̀rẹ́, ọmọ ará ìlú ẹ, ó kàn ẹ́ o.

Ẹ wá wo èébú ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní mo lọ fa ìjọba wọlé. Sóṣíà wọ́kà, òṣìṣẹ́ káńsù tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọ, dé, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo fíríìjì, ó bi mí ẹni tó ń dirun fún un, ló bá ní kí n bọ́ síta kóun bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àyà mi já! Ohun tọ́mọ sọ ni pé òun fẹ́ máa bá màmá òun sọ̀rọ̀ lórí fóònù kóun tó sùn. Kò sọ ọ́ fún èmi rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń wá báyìí, tó bá pé ọdún kan á di méjìlá méjìlá.

—

Àǹtí, ẹ láyà o. Ọmọ kọ́sìn mi ti wà lọ́dọ̀ mi látèṣí, ó ń jẹ ó ń yó, kí ni mo fẹ́ pe káńsù sí?

—

Àbúrò, ṣó o rántí Victoria Climbié? Ivory Coast ni wọ́n ti mú un wá, àǹtí bàbá ẹ̀ ló mú un, ọmọ ọdún 8 ló kú sí London ní February 2000, pẹ̀lú àpá tó lé ní 100 lára. Ikú ẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n tún mú òfin yìí le ní 2004. Mi ò ní bẹ́ẹ̀ lò ń ṣe. Tó bá di Mọ́ńdè, pe káńsù ẹ, ní kí wọ́n gbé ẹ fún children's services, ẹ̀ka tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé, sọ pé private fostering ni, ìyẹn pé ò ń bá wọn tọ́mọ ọlọ́mọ. Tí wọ́n bá ti wá, padà wá sọ bó ṣe lọ fún wa.