Fúláwà rọ́bà tó ń ṣá lójú wíńdò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àpótí fúláwà kan wà níta lábẹ́ wíńdò mi, oòrùn ọ̀sán ń pa á tààrà, rọ́bà ni mo kó sí i torí mi ò ráyè máa bomi rin gidi. Àwọn ewé ẹ̀ ṣì ń tàn yọ̀yọ̀, àmọ́ àwọn pupa ti ṣá, etí wọn sì ń rún tí mo bá fọwọ́ kàn án. Mo ti da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé wọn, ìyẹn ṣiṣẹ́. Mo tún ra sípíréè tí wọ́n ní ó ń dènà oòrùn, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó máa dán bíi bàtà tuntun. Ṣé kí n fín in ni, àbí kí n kúkú ra irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìta? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé gan-an o.