Ojú ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ń yẹ́lò, ṣé kí n ṣì máa gbé e sí oòrùn?

ÌyáTuntun: Ẹ̀yin màmá, ẹ kú ilé o. Ọjọ́ Àìkú ni mo bí ọmọkùnrin, láti àná ni funfun ojú ẹ̀ ti ń yẹ́lò. Ìyá ọkọ mi ní ibà pọ́njú lásán ni, pé kí n máa gbé e sí oòrùn àárọ̀ kí n sì máa fún un ní omi gulukóòsì, wọ́n tiẹ̀ ti ra ampiclox sílẹ̀. Gbogbo wọn ní ká ṣe ìkómọ tán ná. Àmọ́ látàárọ̀ ló ti ń sùn ṣáá, tí mo bá fi ọmú sí i lẹ́nu á fà á lẹ́ẹ̀mejì péré, oorun á tún gbé e lọ. Ẹ̀rù ń bà mí o.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́: Ìyá ọmọ, ẹ gbé e lọ sọ́sibítù báyìí báyìí. Ọmú tí kò fà yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju yẹ́lò lọ. Ọmọ tí jọ́ńdíìsì, ìyẹn yẹ́lò yìí, ti fẹ́ wọ̀ lọ́pọlọ àti ọmọ tí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, oorun kan náà ni wọ́n ń sùn, àwa tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí gan-an máa ń ṣì í mú. Ẹ ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n wo bilirubin, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú yẹ́lò, gúrúùpù ẹ̀jẹ̀ tiyín àti tọmọ, pẹ̀lú G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀. Tí wọ́n bá ní ojú làwọn á fi wò ó, ẹ má gbà, awọ dúdú máa ń bo yẹ́lò mọ́lẹ̀. Lójú ọ̀nà, ẹ ka èémí ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tó bá tó 60 ẹ tún un kà, tó bá ṣì tó bẹ́ẹ̀, tàbí ara ẹ̀ gbóná dé 37.5, tàbí gìrì mú un, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Oòrùn ò lè ṣiṣẹ́ iná búlúù tí wọ́n fi ń wo jọ́ńdíìsì lọ́sibítù o, gulukóòsì sì kàn ń gba àyè ọmú ni.

ÌyáÌbejì: Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Oòrùn lèmi náà fi tọ́jú Kẹ́hìndé fọ́jọ́ mẹ́ta, ọsibítù tá a kọ́kọ́ lọ ò tiẹ̀ bọ́ṣọ lára ẹ̀, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ìgbà tá a fi dé èkejì, ṣe ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Dókítà kàn gbé aṣọ ẹ̀ sí imú, ó ní "Màmá, káńfọ̀ nìyí?" Àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo ti kó o. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, G6PD ẹ̀ ò pé, káńfọ̀ sì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ irú wọn jẹ́, wọ́n ní nínú ọkùnrin márùn-ún nílẹ̀ wa ó máa ń tó ẹnì kan. Ó yè, àmọ́ etí ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa mọ́.

BàbáOko: Àwa tọ́sibítù ńlá jìnnà sí ńkọ́?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́: Ẹ lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Tó bá jẹ́ kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí kò sì sọ́nà àtilọ, láti 2015 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ gentamicin pẹ̀lú amoxicillin mímu níbẹ̀, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti dán an wò. Jọ́ńdíìsì ò sí nínú ìyẹn ṣá, iná ló ń fẹ́.

ÌyáTuntun: A ti dé ọsibítù. Ó ti wà lábẹ́ iná, wọ́n fi nǹkan dì í lójú, a ń retí èsì ẹ̀jẹ̀. Ìyá ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pè láti ilé ni, wọ́n tú àpótí aṣọ ọmọ, káńfọ̀ mẹ́fà ni wọ́n kó jáde.