Ṣé ìsinmi ni ọjọ́ Sọ́ńdè tí mò ń lò yìí?

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ rírán ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn níbí, mo sì ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Bí ọdún bá ti ń parí lọ báyìí, aṣọ ẹbí á bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé: ti ìgbéyàwó, ti òkú àgbà, ti ìkórè ìjọ, ti Kérésìmesì. Léèsì á kún ṣọ́ọ̀bù débi pé orí bẹ́ǹṣì tí kọ́sítọ́mà ń jókòó sí la ó máa kó o lé.

Bí Sọ́ńdè mi ṣe ń lọ rèé. Láàárọ̀ kùtù ni mo ti ń wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, torí èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá. Ìsìn á parí, ìpàdé ẹgbẹ́ á tẹ̀ lé e, ti ìgbìmọ̀ ìkórè á tún tẹ̀ lé ìyẹn. Kí n tó délé, oòrùn ti ń wọ̀. Mo máa ro àmàlà fún ará ilé, mo tún máa ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n wá tan jẹnẹrétọ̀, ká lè parí aṣọ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbà láàárọ̀ Mọ́ńdè.

Obìnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, ọmọ ìjọ Adventist ni. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀ ní Jímọ̀, á da aṣọ bo maṣíìnì, ó di ìrọ̀lẹ́ Sátidé kó tó tún fọwọ́ kàn án. Aránṣọ bíi tèmi ni, oṣù Kejìlá kan náà la jọ ń bá yí, síbẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá àríyànjiyàn Sátidé àti Sọ́ńdè. Kí ni Ọlọ́run ń fẹ́ gan-an nígbà tó ní ká sinmi?

Akọ̀wé Ìjọ:
Ìyá wa, ọ̀rọ̀ ọjọ́ á ṣáà wọ̀ ọ́ díẹ̀. Ọjọ́ keje, ìyẹn Sátidé, ni òfin sọ. Àjíǹde Olúwa làwọn Kristẹni fi Sọ́ńdè rántí látìbẹ̀rẹ̀, ọdún 321 ni Constantine ọba Róòmù sì pàṣẹ pé kí àwọn adájọ́ àti ará ìlú sinmi lọ́jọ́ náà. Ó yọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, kí ojú ọjọ́ má baà ba irè oko wọn jẹ́. Ìjọ Adventist tí ẹ dárúkọ yẹn, ọdún 1914 ni David Babcock mú un wá sílẹ̀ wa, Erunmu níbi Ìbàdàn yín ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní tèmi, Kólósè 2:16 ti parí ẹjọ́ náà: kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wa lẹ́jọ́ nítorí ọjọ́ ìsinmi.

Bàbá Olùkọ́:
Ìyá Aránṣọ, ẹ kú làálàá. Ó yẹ kí àwọn olùṣọ́ àgùntàn wa tún ọ̀rọ̀ ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè rò, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti ní ẹ ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ojú mi dúró sí.

Ibi méjì ni Òfin Mẹ́wàá wà nínú Bíbélì, ìdí tí wọ́n fi ní ká sinmi sì yàtọ̀ síra. Ẹ́kísódù 20 ní torí pé Ọlọ́run fi ọjọ́ mẹ́fà dá ayé, ó sinmi ní ìkeje. Diutarónómì 5 ní kí ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin rẹ lè sinmi gẹ́gẹ́ bí ìwọ náà, kí o sì rántí pé ẹrú ni ọ́ rí ní Íjíbítì. Ẹ rántí ohun tójú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì rí lọ́hùn-ún: Fáráò kò fún wọn ní koríko tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì mọ́, kò sì dín iye bíríkì kù. Wọ́n ní kó jẹ́ káwọn lọ sin Ọlọ́run, ó ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Kò sí ẹrú tó ń dá ọjọ́ ìsinmi fún ara rẹ̀. Ẹni tó bá sinmi ń jẹ́rìí pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ Fáráò. Ẹni tó wá sinmi tí kò jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sinmi ńkọ́? Ó ti lọ jókòó sórí àga Fáráò nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà le, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ tún ṣí Ẹ́kísódù 34:21. Ó ní nígbà ìtúlẹ̀ àti nígbà ìkórè pàápàá, kí o sinmi. Ẹni tó bá ti dáko rí mọ ohun tí ìyẹn ń náni: ọkà ti gbó, òjò ń ṣú, ẹyẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, Ọlọ́run ní kí o jókòó. Ìgbà tí iṣẹ́ ń jóni lọ́wọ́ gan-an ni àṣẹ yẹn ń bá wí. Oṣù Kejìlá yín nìyẹn, Ìyá. Ìgbàgbọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ yín, pé Ẹni tó rọ mánà ọjọ́ méjì lọ́jọ́ kẹfà mọ̀ pé ẹ máa jẹun.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Mo júbà ẹ̀yin àgbà. Wọ́ọ̀dù wa kì í ti ilẹ̀kùn ní Sọ́ńdè. Lúùkù 13 ni mo dì mú: obìnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ fún ọdún 18, ọjọ́ ìsinmi ni Jésù tú u sílẹ̀. Ọjọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ ni tèmi. Mo máa ń pa fóònù, mo máa ń ka Sáàmù, mo sì máa ń sùn dáadáa. Oorun náà wà lára ìjọsìn mi.

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ ṣeun gan-an sà, Bàbá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ọ̀nà Olódó ló ti ń wá, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ tó bá dé. Mo ti pè wọ́n lónìí pé kí ẹnikẹ́ni má wá ní Sọ́ńdè mọ́. Aṣọ ti Mọ́ńdè ló kù. Àwọn tó ni ín á kùn.

Bàbá Olùkọ́:
Wọ́n á kùn. Ẹ ka Nehemáyà 13. Ó ti ilẹ̀kùn ibodè Jerúsálẹ́mù kí ọjọ́ ìsinmi tó wọlé, àwọn oníṣòwò sì sùn sẹ́yìn odi lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kìlọ̀ fún wọn, wọn ò wá lọ́jọ́ ìsinmi mọ́. Ẹ sún ọjọ́ gbígba aṣọ sí Wẹ́sídeè, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì máa sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń wọn aṣọ, kí wọ́n tó sanwó ìdáwọ́lé.