SSH sí kọ̀ǹpútà tó wà nílé: “refused” àti “timed out”

Àkàndé, Manchester
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà Linux kan wà nílé ní Ìbàdàn tí mo ń fi SSH (ọ̀nà àtiwọ kọ̀ǹpútà tó jìnnà) wọ̀ láti ibí, port 22 (nọ́ńbà ilẹ̀kùn tí SSH ń gbà). Nígbà mìíràn á kọ “Connection refused” lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn á dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì, kó tó kọ “Connection timed out”. Ṣé àìsàn kan náà ni?

Ẹ̀gbọ́n Láídé, Houston
Méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àbúrò. Inú flag TCP ni wàá ti rí i: TCP ni òfin tí ẹ̀rọ méjì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, packet ni ẹrù dátà kọ̀ọ̀kan, flag sì ni àmì kékeré lórí rẹ̀. Orí (header) packet TCP kì í dín ní byte 20. Byte kẹrìnlá rẹ̀ (13 ni kọ̀ǹpútà ń pè é, torí láti 0 ló ti ń kà) ló gbé flag 8, bit kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: FIN (ìdágbére) jẹ́ 1, SYN (ìbéèrè láti bẹ̀rẹ̀) 2, RST (ìgékúrò) 4, PSH 8, ACK (“mo gbọ́”) 16, URG 32, ECE 64, CWR 128. Mẹ́fà àkọ́kọ́ ti wà nínú RFC 793 láti 1981. Ọdún 2001 ni ECE àti CWR wọlé, láti fi kéde sún kẹrẹ fà kẹrẹ lójú ọ̀nà. Bí méjì bá jọ dìde, rò wọ́n pọ̀: SYN àti ACK jẹ́ 18.

Ẹ̀rọ tó ń pè á fi SYN nìkan ránṣẹ́. Bí sshd (ètò tó ń gba SSH wọlé) bá ń dẹtí sí port 22, SYN+ACK ló máa dá padà, tìrẹ á fi ACK dáhùn, ọ̀nà ti là nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá wà ní títàn ṣùgbọ́n tí kò sí ohun tó ń dẹtí níbẹ̀, RST+ACK ló ń bọ̀ wá bá ọ: “refused”. Ní kí wọ́n tẹ `ss -ltn` níbẹ̀, á fi port tí wọ́n ń dẹtí sí hàn. Bí wọ́n bá rí 127.0.0.1:22 dípò 0.0.0.0:22, sshd ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn.

Bí firewall (aṣọ́nà network) bá gbé SYN náà mì (DROP), tàbí iná ti lọ, tàbí àdírẹ́ẹ̀sì ti yí padà, o ò ní gbọ́ nǹkan kan. Linux á tún SYN kan náà rán nígbà mélòó kan, àlàfo àárín wọn á sì máa gùn sí i, kó tó jáwọ́. Ìṣẹ́jú méjì tí o ń rí nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbà pé ẹ̀rọ yẹn gan-an ló rán RST. Router ilé lè dá a padà fúnra rẹ̀ bí a kò bá tíì ṣe port forwarding (kí router darí port náà sí ẹ̀rọ yẹn). Firewall àárín ọ̀nà náà lè rán an. Ẹ wo TTL rẹ̀ (iye router tí packet ṣì lè là kọjá), kí ẹ fi wé ti SYN+ACK ìgbà tó bá ṣiṣẹ́. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá jìnnà síra, ẹlòmíràn ló ṣeé ṣe kó dáhùn. Ẹ tún rántí pé REJECT ti iptables (firewall Linux), bí ẹ kò bá yí i padà, kì í rán RST rárá. ICMP (ìròyìn àṣìṣe network) ló ń rán, síbẹ̀ “refused” náà ni SSH á kọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń fi icmp kún tcpdump, àṣẹ tó ń fi packet tó ń kọjá hàn:

`sudo tcpdump -nvi any 'tcp port 22 or icmp'`

[S] ni SYN, [S.] ni SYN+ACK, [.] ni ACK nìkan, [P.] sábà máa ń gbé dátà, [F.] ni ìdágbére, [R.] ni RST+ACK. Àmì ìdánudúró (.) yẹn ni ACK, ẹ má fojú fò ó.

Àkàndé, Manchester
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹnìkan lè bá mi tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn. Kí ló yẹ kó máa wò?

Ẹ̀gbọ́n Láídé, Houston
Bí [S] bá ń wọlé, tí [S.] ń jáde, tí [S] kan náà tún ń wọlé, ìdáhùn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ: ọ̀nà àbọ̀ ló dí. Bí [S] kò bá wọlé rárá, kó wo àdírẹ́ẹ̀sì WAN (ti ìta) lára router. Bó bá bọ́ sáàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, CGNAT ni, ìyẹn ni pé oníbàárà púpọ̀ ló jọ ń pín àdírẹ́ẹ̀sì kan. Má wulẹ̀ fi port forwarding da ara rẹ láàmú níbẹ̀. Jẹ́ kí ẹ̀rọ Ìbàdàn fúnra rẹ̀ pè síta: WireGuard (VPN) sí VPS (server àyálò) kékeré kan, PersistentKeepalive 25 kí ọ̀nà má bàa tì, kí o gba ibẹ̀ wọlé.

Bàbá Tọ́lá, Toronto
Bó bá wá ń wọlé, àmọ́ tó ń kú bí ẹ kò bá tẹ nǹkan fúngbà díẹ̀, NAT (ẹ̀rọ àárín tó ń pààrọ̀ àdírẹ́ẹ̀sì) ló ti gbàgbé yín. Ti AWS NAT gateway, ìṣẹ́jú-àáyá 350 ni. Bí ẹ bá tún rán nǹkan lẹ́yìn ìyẹn, RST ni yóò fi dá yín lóhùn, kì í rán FIN. Keepalive (packet tó ń yẹ ọ̀nà wò) Linux fúnra rẹ̀ ń dúró di ìṣẹ́jú-àáyá 7200, ìgbà yẹn ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ fi `ServerAliveInterval 60` sínú ~/.ssh/config.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ app, FIN wà fún yín náà. Ìhà kọ̀ọ̀kan ló ń ti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bí `ss -tan state close-wait` bá ń kún sí i, ẹni tòdìkejì ti rán FIN, app yín ni kò pe close(). Ẹ má di ẹ̀bi ru network. TIME-WAIT (ìdúró díẹ̀ lẹ́yìn títì) kì í ṣe àrùn ní tiẹ̀. Linux á pa á rẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 60.

Àkàndé, Manchester
Mo rí filter tcpdump `tcp[13] == 2` níbì kan pé òun ló ń ṣa SYN nìkan. Ṣé ó pé?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Kò pé. Ẹ̀rọ tó bá fẹ́ lo ECN (ìkéde sún kẹrẹ fà kẹrẹ yẹn) á gbé ECE àti CWR dìde pẹ̀lú SYN, 194 ni byte yẹn á jẹ́, filter rẹ á sì fò ó. `tcp[13] & 18 = 2` ni kó o lò: SYN gbọ́dọ̀ wà, ACK kò gbọdọ̀ sí, ìyókù ò kàn án. IPv4 nìkan nìyẹn sì máa rí o. Fún IPv6, `ip6[53] & 18 = 2`, bí kò bá sí extension header láàárín.