Ọmọláńgidi mi: ohun ìṣeré ni àbí iṣẹ́ ọnà?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní gálárì kékeré kan l'Òkè-Fìà, Òṣogbo. Ọmọláńgidi onígi àti mọ́tò tí wọ́n fi agolo mílíìkì ṣe ni mò ń pàtẹ. Àwọn òbí á wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ gba 500 náírà, ṣebí ìṣeré ọmọdé ni." Kí n tó fèsì, ọmọ wọn ti pọ̀n ọ̀kan kiri! (Apá kan ti kán báyìí.) Àwọn mìíràn ní ère ìbejì ni, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀ lóṣù kẹjọ, àlejò á pọ̀. Ṣé kí n fi gíláàsì bò wọ́n ni, àbí kí n ya tábìlì kan sọ́tọ̀ fáwọn ọmọdé? Iye owó ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń dá a lé e?